Jẹnẹrétọ̀ àti Bátìrì Sólà l'Ékòó: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wọn

Ojú-ìwé yìí wà fún ẹni tó fi sólà gbé ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ékòó, tí kò fọkàn sí NẸ́PÀ mọ́, ṣùgbọ́n tí òjò oṣù kẹfà máa ń ká mọ́ pẹ̀lú bátìrì tí kò kún. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Agége, ìbéèrè kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn nígbà òjò: báwo la ṣe ń fi jẹnẹrétọ̀ cháàjì bátìrì sólà tí kò fi ní ba bátìrì jẹ́, tí epo kò sì ní ṣòfò?

Kí ẹ tó kà síwájú, èrò tèmi rèé. Jẹnẹrétọ̀ tó bá máa ran sólà lọ́wọ́, àárọ̀ ni kó ti ṣe é, kí ẹrù rẹ̀ wúwo, kí àsìkò rẹ̀ sì kúrú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe òdìkejì rẹ̀.

Mo ti náwó gidi sórí sólà. Kí ló tún kàn mí kan jẹnẹrétọ̀?

Ojú ọjọ́ Èkó ni. Tí a bá ṣírò oòrùn wa dọ́gba yípo ọdún, ohun tó ń wọlé lójúmọ́ tó nǹkan bíi wákàtí 4 oòrùn tó mú gan-an. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá kó ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, ti ọ̀sán gangan àti ti ìrọ̀lẹ́ pọ̀, agbára wọn kò ju ti wákàtí 4 oòrùn ọ̀sán lọ. Páńẹ́lì 550W mẹ́rin jẹ́ 2,200W. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, lẹ́yìn tí ooru, eruku àti wáyà bá ti jẹ tiwọn níbẹ̀, wọ́n á fún yín ní nǹkan bíi yúnìtì 6 sí 7 (yúnìtì kan ni 1,000W fún wákàtí kan). Lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, páńẹ́lì kan náà lè má mú ju yúnìtì kan ààbọ̀ sí méjì wá. Ilé tó sì ní fíríìjì kan, fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù lè jẹ yúnìtì 4 sí 5 lójúmọ́. Tí irú òjò bẹ́ẹ̀ bá di ọjọ́ kejì, bátìrì ti ń lọ sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ lè ra bátìrì tó máa gbé yín fún ọjọ́ mẹ́rin láìsí oòrùn, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀ jìnnà, ẹ ò sì ní nílò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ oṣù ọdún. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ nígbà òjò rọjú jù ú lọ.

Ti ọyẹ́ yàtọ̀. Eruku ló ń bo páńẹ́lì nígbà náà. Omi àti aṣọ rírọ̀ lẹ máa fi yanjú ìyẹn, kì í ṣe epo.

Ṣé kò kúkú yá kí n máa tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, kí n fi bátìrì sílẹ̀?

Rárá o. Ibí yìí gan-an ni owó ti ń jò dànù. Ẹ jẹ́ ká wo jẹnẹrétọ̀ 3.5kVA tó gbé fáànù méjì àti gílóòbù mẹ́rin, tí gbogbo ẹrù rẹ̀ kò ju 200W lọ. Ẹ́ńjìnì yẹn gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó lè jẹ́ 50Hz (ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ì báà gbé ẹrù, ì báà má gbé nǹkan kan. Yíyí yẹn fúnra rẹ̀ ń mu epo. Ẹ ó wá fi òru kan gbáko sun epo nítorí fáànù méjì, ariwo ò ní jẹ́ kí ẹ sùn, àwọn ará ilé kejì náà ò sì ní sùn.

Ẹ gbé bátìrì fún un ní ẹrù dípò ìyẹn. Kó ṣiṣẹ́ gidi fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, kí ẹ pa á, kí ẹ wá fi bátìrì sun oorun alẹ́ yín. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ìdajì sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára rẹ̀ ló ń lo epo dáadáa jù. Ti onídísẹ́ẹ̀lì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: tó bá ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹrù fún ìgbà pípẹ́, epo tí kò jóná tán á máa dì sínú ẹ́ńjìnì àti sàlẹ́ńsà rẹ̀, èéfín dúdú á bẹ̀rẹ̀, agbára rẹ̀ á sì máa dín kù.

Èló ni yúnìtì kan ń ná mi tí mo bá fi jẹnẹrétọ̀ cháàjì?

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo bẹntiróò máa ń fún wa ní nǹkan bíi yúnìtì kan sí kan ààbọ̀ nínú lítà kan, tí ẹrù rẹ̀ bá tó. Nínú ìyẹn, charger inú inverter (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé) á jẹ tirẹ̀, bátìrì náà á jẹ tirẹ̀. Bátìrì olójé, ì báà jẹ́ olómi tàbí èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, lè sọ ìdá 30 nínú 100 nù láàárín jẹnẹrétọ̀ sí àkókò tí ẹ máa lo iná náà. Ti lithium ò ju nǹkan bíi ìdá 15 lọ. Nítorí náà, ìṣirò tí mo máa ń fún àwọn èèyàn kò le: owó tí ẹ fi ra lítà epo kan, ẹ kà á sí owó yúnìtì kan.

Ẹ fi ìyẹn wé nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀. Kí ìjọba tó kéde yíyọ owó ìrànwọ́ epo lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ₦185 ni lítà l'Ékòó. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di ₦488, láti ìgbà náà ó sì ti gòkè kọjá ibẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A, ti àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, jáde lóṣù kẹrin ọdún 2024, ₦225 ni yúnìtì kan. Ẹni tí NẸ́PÀ bá ṣì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kéré ni, ó pọ̀ ni, òun ni kó kọ́kọ́ fi cháàjì kó tó fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀.

Kí ló dé tí ẹ fi ń tẹnu mọ́ àárọ̀?

Nítorí bí bátìrì olójé ṣe ń gba iná ni. Nígbà tó bá ti lọ sílẹ̀, ó máa ń gba gbogbo iná tí charger bá fún un. Tó bá ti dé nǹkan bíi ìdá 80 nínú 100, tí bátìrì 12V ti dé nǹkan bíi 14.4V, kò ní gba tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Iná tó ń wọlé á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, ìdá 20 tó kù sì lè gba wákàtí 3, 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ẹni ń di gàrí sínú àpò: ìbẹ̀rẹ̀ á wọlé wùù, àmọ́ tó bá kù díẹ̀ kó kún, ó di kí a máa mì ín, kí a máa tẹ̀ ẹ́.

Tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ nírọ̀lẹ́ pé ẹ fẹ́ kí bátìrì kún dénú, wákàtí mélòó kan ni yóò fi máa pariwo nítorí iná tí kò ju ti fáànù mélòó kan lọ. Àmọ́ tí ẹ bá tàn án ní aago 7 àárọ̀, tí ẹ pa á nígbà tí bátìrì dé ìdá 80, àpò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kí páńẹ́lì tó jí. Títẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó kù yẹn, iṣẹ́ oòrùn ni. Kódà oòrùn ọjọ́ òjò lè ṣe é, nítorí pé ìwọ̀nba iná ni bátìrì ń fẹ́ lásìkò yẹn.

Àǹfààní kejì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi jẹnẹrétọ̀ kún bátìrì lálẹ́, tí oòrùn wá yọ lọ́jọ́ kejì, kò ní rí ibi gbé oòrùn ọ̀fẹ́ yẹn sí.

Bátìrì lithium ni tèmi. Ṣé ọ̀rọ̀ náà kàn mí?

Ó kàn yín, àmọ́ tiyín rọrùn. Lithium máa ń gba iná ní kíkan títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kò sì bínú tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní ìdá 60 tàbí 70. Nítorí náà ẹ má da epo sílẹ̀ torí pé ẹ fẹ́ rí 100 lójú mítà. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ ní 80 tàbí 90. Kí oòrùn kàn máa mú un dé 100 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ lè ráyè mú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dọ́gba.

Olójé ni kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá pẹ́ láìkún, nǹkan funfun kan á máa dì mọ́ ara òjé inú rẹ̀, àyè tó fi ń gba iná á sì máa dín kù. Ẹ jẹ́ kó kún dénú ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Bátìrì 12V tó ti sinmi láìgbé nǹkan kan fún wákàtí mélòó kan, tó bá wà ní 12.7V, ó kún; tó bá wà ní 12.2V, ó ti dé ìdajì.

Jẹnẹrétọ̀ wo ló tó mi?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bátìrì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ rí lójú ọjà. Mo máa ṣe ìṣirò méjì, kí ẹ fi tiyín sí i.

Bátìrì lithium 51.2V, 100Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè kó pamọ́): tí ẹ bá sọ 51.2 di ìlọ́po 100, ó jẹ́ 5,120, ìyẹn yúnìtì 5 àti díẹ̀. Ó ti lọ sílẹ̀ dé ìdá 20, ẹ sì fẹ́ gbé e dé 90. Ìdá 70 nìyẹn, tó jẹ́ 70Ah. Ẹ fi charger inú inverter sí 30A. Tí ẹ bá fi 30 pín 70, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 ni. Agbára tó ń wọ bátìrì jẹ́ nǹkan bíi 1,600W. Ohun tí inverter máa bi jẹnẹrétọ̀ fún á tó 1,800W. Ẹ fi 300W ti fíríìjì àti fáànù kún un, ó di 2,100W.

Nígbà náà, jẹnẹrétọ̀ wo? Àwọn ọlọ́jà máa kọ 3.5kVA sára rẹ̀. Ẹ sọ 3.5 yẹn di ìlọ́po 0.8, ó jẹ́ 2.8kW, ìyẹn 2,800W. 2,100W nínú 2,800W jẹ́ ìdá 75. Ó bá ara mu gẹ́gẹ́. Tí ẹ bá gbé charger náà sí 40A, ẹrù náà á ti fẹ́ dé òkè agbára rẹ̀, fíríìjì á sì lè tẹ́ ẹ kú nígbà tó bá ń kọ́kọ́ gbéra.

Bátìrì olómi 220Ah mẹ́rin tí wọ́n so di 48V: wọn kì í fẹ́ kánjú. Ìdá 10 nínú iye Ah wọn ni kí ẹ fi cháàjì wọn, ìyẹn 22A. Ohun tí yóò bi jẹnẹrétọ̀ á tó 1,400W. Láti ìdajì dé ìdá 80 jẹ́ 66Ah, wákàtí 3 ni. Ẹ pa á, kí ẹ gba oòrùn láyè.

Ẹ kíyè sí i pé lithium kékeré yẹn nílò jẹnẹrétọ̀ tó lágbára ju ti olómi ńlá lọ. Iyára tí ẹ fẹ́ fi cháàjì ló ń pinnu ìwọ̀n jẹnẹrétọ̀.

Ṣé I-better-pass-my-neighbour lè cháàjì?

Ó lè ṣe é fún bátìrì 12V kan. 650W ni irú èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn lè gbé láìmí hẹlẹ. Bátìrì 220Ah kan tí ẹ ń fi 20A cháàjì kò bi í ju nǹkan bíi 330W lọ. Ẹ yọ àwọn ẹrù yòókù kúrò, ẹ má sì fi fíríìjì kún un.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé iná rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ọ́ìlì tí a ń pò mọ́ epo rẹ̀ sì ń mú èéfín púpọ̀ wá. Fún ẹ̀rọ 24V tàbí 48V, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo tan jẹnẹrétọ̀, fáànù ń yí, àmọ́ inverter kàn ń ṣe “ká, ká, ká”, kò gbà á. Kí ló dé?

Ìbéèrè yìí pọ̀ jù lọ lágbègbè Ṣómólú, Mushin àti Súúrùlérè, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń lo jẹnẹrétọ̀ tó ti pẹ́. Inverter ń yẹ iná wò kó tó gbà á wọlé. Tí kò bá dọ́gba, ó máa lé e jáde, á tún yẹ̀ ẹ́ wò, á tún lé e. Ohun tí etí yín ń gbọ́ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ṣètò inverter sí. Ọ̀pọ̀ inverter tó wà ní Àlàbá ní ọ̀nà méjì: UPS, tó ń gba láti 170V sí 280V, àti APL, tó ń gba láti 90V sí 280V. UPS ló le, APL ló ní sùúrù. Lórí ọ̀pọ̀ irú àwọn inverter yìí, nọ́ḿbà 03 nínú ètò rẹ̀ ni ẹ máa rí i. Ẹ gbé e sí APL tí jẹnẹrétọ̀ bá ń bọ̀. Ẹ rántí pé ohun tó bá wọlé ló ń jáde sí ilé nígbà náà, nítorí náà ẹ má fi APL ṣe àwáwí fún jẹnẹrétọ̀ tó ti bàjẹ́.

Tí kò bá gbà síbẹ̀, ẹ wo Hz. Jẹnẹrétọ̀ tó dára máa ń wà ní nǹkan bíi 52Hz nígbà tí kò gbé nǹkan kan, á sì rọra bọ́ sí 50 tàbí 49 tó bá gbé ẹrù. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti yí tọ́rọ́tù, ibi tí wọ́n ti ń mú kí ẹ́ńjìnì yára, sókè “kí iná lè mọ́lẹ̀”. AVR inú jẹnẹrétọ̀ á di volt mú kó má kọjá 220 tàbí 230, ẹ ó rò pé ohun gbogbo dára, àṣé Hz ti lọ sí 56 tàbí 57. Fáànù ò mọ ìyàtọ̀. Inverter mọ̀ ọ́n. Ẹ ra mítà kékeré tó ń fi Hz hàn, irú èyí tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì dá tọ́rọ́tù padà níṣojú yín.

Tó bá gbà á fún ìṣẹ́jú kan tó sì tún jù ú sílẹ̀, ẹrù ló pọ̀ jù. Nọ́ḿbà 11 ni iye ampere tí inverter ń gbà lọ́wọ́ NẸ́PÀ tàbí jẹnẹrétọ̀ láti fi cháàjì. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà pé wọ́n fi sílẹ̀ ní 60A látọjọ́ tí wọ́n ti to ó. Ní 48V, 60A á bi jẹnẹrétọ̀ fún ohun tó ju 3,000W lọ. Ẹ mú un sílẹ̀ sí 10A, ẹ wò ó bóyá á dúró, kí ẹ wá máa gùn ún díẹ̀díẹ̀.

Wáyà náà ńkọ́? Ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n tín-ínrín tó gùn láti ẹ̀yìnkùlé dé àjà kejì á gbé 230V wọlé, á sì gbé 195V jáde tí ẹrù bá wúwo, òun fúnra rẹ̀ á sì gbóná. Wáyà 4mm² ni kí ẹ lò fún irú iṣẹ́ yẹn tí ọ̀nà bá jìn.

Níbo ni mo máa so wáyà jẹnẹrétọ̀ mọ́?

Ojú ibi tí inverter ti ń gba iná wọlé nìkan. Ẹ má so ó mọ́ ibi tí inverter ti ń fi iná jáde láé. Iná méjì á pàdé lẹ́nu ọ̀nà kan, inverter á jó, oníṣẹ́ kankan ò sì ní bá yín san owó rẹ̀.

Tí NẸ́PÀ bá ṣì wà lórí ilé yín, changeover gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti jẹnẹrétọ̀, èyí tí kò lè gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà olórí méjì tí àwọn kan ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri kí iná jẹnẹrétọ̀ lè tàn yí ilé ká, ẹ sọ ọ́ nù. Iná yẹn lè gba ojú mítà jáde lọ sórí òpó àdúgbò. Ọmọ ọlọ́mọ tó gun òpó pé iná ò sí, tó ń tún wáyà ṣe, ni yóò gbé.

Jẹnẹrétọ̀ mi ní ihò 12V tí wọ́n kọ “battery charge” sí. Ṣé mo lè lò ó?

Ẹ má lò ó fún bátìrì ilé. Iná ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 8A lọ, kò sì ní ohun tó ń dá a dúró nígbà tí bátìrì bá kún. Bátìrì mọ́tò tó kú lójijì ni wọ́n ṣe é fún.

Ṣé páńẹ́lì àti jẹnẹrétọ̀ lè jọ cháàjì pa pọ̀?

Wọ́n lè ṣe é, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ inverter, SNU ni ẹ máa yàn ní nọ́ḿbà 16 kí méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́. OSO, oòrùn nìkan ni. Nọ́ḿbà 02 ni òpin àpapọ̀ ampere tí méjèèjì lè fi cháàjì, ẹ rí i pé kò ju ohun tí bátìrì yín lè gbà lọ.

Tí inverter yín bá jẹ́ irú èyí tó lè ta iná padà fún NẸ́PÀ, ẹ pa ètò yẹn kí ẹ tó so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Bí oòrùn bá pọ̀ lójijì, inverter lè máa ti iná padà sínú jẹnẹrétọ̀, ìyẹn sì ń bà á jẹ́. Àwọn kan, bíi Deye, ní ojú ọ̀tọ̀ tí wọ́n kọ GEN sí. Tó bá wà, òun ni kí ẹ lò.

Wọ́n ní inverter lè tan jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ tí bátìrì bá lọ sílẹ̀. Ṣé kí n ṣe é?

Òótọ́ ni, ó lè ṣe é tí jẹnẹrétọ̀ bá ń lo kọ́kọ́rọ́, tí oníṣẹ́ sì so wáyà àṣẹ rẹ̀ mọ́ ọn. Fún ilé ìjọsìn tàbí ilé ìwòsàn tó ní àyè gbalasa àti ilé jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ó dára púpọ̀. Fún ilé tí àwọn èèyàn ń gbé ara wọn bí a ṣe ń gbé l'Ékòó, mi ò fọwọ́ sí i. Aago mẹ́ta òru ni bátìrì sábà máa ń lọ sílẹ̀, aago mẹ́ta òru náà sì ni gbogbo èèyàn ń sùn, tí kò sí ẹni tó máa gbóòórùn èéfín. Ẹ fi ọwọ́ yín tàn án láàárọ̀, nígbà tí ojú ti là.

Àyè ò sí ní kọ́mpáùndì wa. Ṣé mo lè gbé e sí bàkóní tàbí abẹ́ àtẹ̀gùn?

Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ nínú èéfín, ti àwọn nǹkan mìíràn ni; gáàsì yìí lè wà nínú yàrá láìsí òórùn kankan. Ẹ̀jẹ̀ ń dì í mú ṣinṣin ju bó ṣe ń di afẹ́fẹ́ tí à ń mí mú lọ, á sì gba ipò afẹ́fẹ́ yẹn nínú ara. Orí fífọ́ ló máa ń kọ́kọ́ mú wá, lẹ́yìn náà òòyì, èébì àti àárẹ̀. Ẹni tó bá ti sùn kò ní mọ ọ̀kan nínú wọn. Báyìí ni odindi ìdílé ṣe ń sùn tí wọn kì í jí.

Mítà 6, ó kéré tán, ni kó fi jìnnà sí fèrèsé, ilẹ̀kùn àti ihò afẹ́fẹ́, tiyín àti ti aládùúgbò yín. Kí ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Ṣíṣí fèrèsé kò tó, nítorí afẹ́fẹ́ lè gba ojú fèrèsé yẹn gbé èéfín wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé face-me-I-face-you, ilé ìdáná, abẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà tí ògiri yí ká: kò sí èyí tó dára nínú wọn.

Kí wá ni ẹni tí kò ní àyè máa ṣe? Tí kò bá sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ lè jìnnà dé, kò sí jẹnẹrétọ̀ nínú ètò yín nìyẹn. Ẹ fi owó rẹ̀ kún bátìrì tàbí páńẹ́lì. Ẹ tún lè bá onílé àti àwọn ayálégbé sọ̀rọ̀ kí ẹ jọ ní ẹyọ kan tó dúró níbi tó ṣí sílẹ̀, kí oníkálukú máa gbà á láàárọ̀ fún cháàjì. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ké tó bá gbọ́ carbon monoxide wà lọ́jà. Ẹ ra ọ̀kan sí yàrá tí ẹ ń sùn.

Tí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nítòsí, ẹ jáde síta lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó ronú ohunkóhun mìíràn. Ẹ pe 767 tàbí 112.

Àwọn aládùúgbò ń ráhùn nípa ariwo.

Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́. Àjọ LASEPA, tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, fi òpin ariwo níbi tí èèyàn ń gbé sí 55 dB (ìyẹn ìwọ̀n ariwo) lọ́sàn-án àti 45 lóru, jẹnẹrétọ̀ wa sì máa ń kọjá méjèèjì. Ẹni tó ń tàn án láàárín aago 7 sí 10 àárọ̀, tó sì ń pa á, rọrùn láti bá gbé ju ẹni tó ń tàn án mọ́jú lọ.

Ìtọ́jú wo ló ń fẹ́ tó bá jẹ́ pé ìgbà òjò nìkan ni mò ń lò ó?

Àìlò ló ń ba irú jẹnẹrétọ̀ yìí jẹ́ jù. Epo tó bá pẹ́ nínú kabúrétọ̀ á di oje, á sì dí ihò. Tí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti ẹnu epo pa nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kó jẹ epo tó kù nínú kabúrétọ̀ tán títí tó fi máa kú. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ tàn án fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé ẹrù lé e.

Ọ́ìlì àkọ́kọ́ ti ẹ́ńjìnì tuntun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 20. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí 100 síra wọn. Ẹ fọ fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀, ẹ wo pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀.

Ti bátìrì olómi ńkọ́? Omi dístíìlì nìkan ni kí ẹ máa fi kún un. Omi kànga, piọ wọ́tà tàbí ásíìdì tí àwọn kan ń tà lójú pópó ń pa á. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, torí gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná lè gbaná, kò sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó ń gbé nítòsí ọ̀sà àti òkun, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ máa ń mú orí bátìrì wú àwọ̀ ewé. Ẹ nù ún, ẹ sì fi gíríìsì díẹ̀ bò ó.

Tí mo bá lọ ra jẹnẹrétọ̀ ní Àlàbá, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dára?

Ẹ má gba kVA tí wọ́n kọ sí i lára gbọ́. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù 1,000W kan àti kẹ́tù 2,000W dání lọ, pẹ̀lú mítà tó ń fi volt àti Hz hàn. Fún 3.5kVA, ẹ kọ́kọ́ so áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ so kẹ́tù mọ́ ọn. Tí Hz bá já wálẹ̀ kọjá 48 tí kò sì gòkè padà, tàbí tí ẹ́ńjìnì bá ń kérora, ẹ dágbére fún ọlọ́jà. Ẹ bèèrè bóyá kọ́pà ni wáyà inú rẹ̀. Alumíníọ̀mù wọ́pọ̀ nínú èyí tí owó rẹ̀ bá kéré jù, ó sì máa ń tètè gbóná.

Ìgbà wo ni mo máa mọ̀ pé páńẹ́lì ló yẹ kí n rà, kì í ṣe epo?

Tí ẹ bá ń tan jẹnẹrétọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí òjò kò sí, páńẹ́lì yín kò tó. Ẹ wò ó: páńẹ́lì 550W mẹ́ta sí i jẹ́ 1,650W. Kódà tí oòrùn kò bá ju wákàtí 3 lọ lójúmọ́, yúnìtì 3 ààbọ̀ ni wọ́n á máa mú wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tí jẹnẹrétọ̀ 3.5kVA yẹn fi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 gbé sínú bátìrì lithium tí mo ṣírò lókè. Ẹ kọ iye lítà tí ẹ ń rà láàárín oṣù kan sílẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ọdún kan, kí ẹ fi wé owó páńẹ́lì mẹ́ta. Kí ẹ tó rà wọ́n, ẹ bèèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ yín bóyá inverter yín lè gbà wọ́n, torí gbogbo inverter ló ní iye volt àti watt páńẹ́lì tí kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Epo mélòó ni kí n fi pamọ́ sílé fún ìgbà òjò?

Lítà 10 tó fún ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ṣe fún epo ni kí ẹ lò, kí ó wà níta níbòòji, jìnnà sí ilé ìdáná, bátìrì àti ọwọ́ ọmọdé. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó bu epo sí i. Èyí tó bá ti lé ní oṣù méjì nílẹ̀, ẹ lò ó tán kí ẹ tó ra tuntun.